Ìlà mẹ́rin tí a pa rẹ́

Ìlà kóòdù méjì péré lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, rí yóò kà á kó tó mí èémí kan:

if code == "25":
    return PENDING

Kò ju èyí lọ: bí báǹkì bá fi nọ́ńbà 25 dá wa lóhùn, kí ètò wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó náà ṣì wà lọ́nà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìlà méjèèjì ń ṣe hàn gbangba. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni kò hàn, òun ló sì jẹ́ kí èèyàn 23 gba ẹ̀yáwó kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì ọdún 2023. Mo wà lára àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún un. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ wa, mi ò ní dárúkọ báǹkì náà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní dárúkọ èèyàn kankan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé àwa prógírámà a máa jà lórí kọ́mẹ́ǹtì (ọ̀rọ̀ àlàyé tí a ń kọ sáàárín kóòdù fún èèyàn láti kà) bí ẹni ń jà lórí Arsenal àti Chelsea, kì í sì í sábà sí ẹni tó mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan dání wá.

Ìbàdàn la wà. Àwa mẹ́fà là ń kọ kóòdù nígbà náà. Sọ́fíwíà wa wà fún àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀: ti olùkọ́, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti àwọn ìyá ọlọ́jà. Ọmọ ẹgbẹ́ á máa dá owó lóṣooṣù, tó bá yá á béèrè ẹ̀yáwó ìlọ́po méjì ohun tó ti kó jọ, ìgbìmọ̀ á fọwọ́ sí i, ètò wa á wá fi owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀. Apá tó ń fi owó ránṣẹ́ yìí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Bí ibòmíràn bá bàjẹ́, wọn á bú wa. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, wọn á wá wa délé.

Obìnrin kan ló kọ apá yẹn ní 2019. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kóòdù Àǹtí kún fún àkísà. Ẹ ó rí ibi tí ètò ti dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ láìsí ohun tó ń ṣe, ẹ ó rí ibi tó ti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tí kò gbọ́ràn. Lókè irú ibẹ̀ ló máa ń kọ kọ́mẹ́ǹtì sí. Ní 2021 ó japa lọ sí Kánádà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi fa iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì lọ sórí àjọ̀dún ìdágbére.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń purọ́, ọ̀pọ̀ kọ́mẹ́ǹtì tó wà nínú kóòdù wa kò dára. Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, fáìlì tó ń ṣe ìwé owó fún àwọn ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ ṣí. Kọ́mẹ́ǹtì ibẹ̀ sọ pé VAT jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń fi 0.075 ṣe ìṣirò. Lóòótọ́, láti 1 oṣù Kejì 2020 ni ìjọba ti gbé VAT kúrò ní 5 lọ sí 7.5. Ẹnì kan yí nọ́ńbà, ó fi ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí wa: "Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà gbọ́?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní fáìlì mìíràn ó bá èyí pàdé: "Yọ eléyìí kúrò lẹ́yìn ọdún Àjíǹde." Àjíǹde ọdún wo? Ó kéré tán, Àjíǹde méjì ti kọjá lórí rẹ̀. (Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ wọ́n, èmi ni mò ń túmọ̀ wọn.)

Ohun tí ọ̀gá sọ rọrùn, mo sì fara mọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ títí di òní. Ó ní kọ́mẹ́ǹtì kì í ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ń fò ó ni. Bí kóòdù bá ṣi, ìdánwò (kóòdù kékeré tí a kọ láti máa yẹ kóòdù wò) á pariwo, oníbàárà á pariwo. Bí kọ́mẹ́ǹtì bá purọ́, kò sí ẹni tí yóò pariwo. Nítorí náà, ẹ fún nǹkan lórúkọ tó yé ni, ẹ gé iṣẹ́ sí kéékèèké, ẹ kọ ìdánwò, kọ́mẹ́ǹtì á di ohun tí a ò nílò mọ́.

Ibì kan wà tó ti fi èyí hàn wá lójú wa. Kọ́bọ̀ la fi ń pa owó mọ́ nínú ètò wa, kì í ṣe náírà, torí àwọn ìdá owó tí kọ̀ǹpútà kì í kà dáadáa. Nínú kóòdù, 1000000 wà níbì kan, 5000 wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ́mẹ́ǹtì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kà pé "10k". Kò sí ẹni tuntun tó dé tí kò kà á sí mílíọ̀nù kan náírà. Ọgọ́rin ìbéèrè ló ti ti ibẹ̀ wá. 50 náírà tí ìjọba ń gbà lórí tiráńsífà tó bá ti tó 10,000 náírà ni, tí a kọ ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá sọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ di LEVY_THRESHOLD_KOBO, ó sọ èkejì di LEVY_KOBO, ó pa kọ́mẹ́ǹtì rẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó béèrè mọ́. Orúkọ gidi ló ṣe é, kọ́mẹ́ǹtì ò lè ṣe é. Èyí ló mú gbogbo wa gbà pé ọ̀nà tó fi hàn wá ni kí a tọ̀ délẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà 2022 la gbálẹ̀. Òfin tí a fi gbá a ni pé kọ́mẹ́ǹtì tí kò bá ní nọ́ńbà iṣẹ́ (èyí tí a fi ń tọpa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan) lára, kó lọ. Lẹ́ẹ̀kan náà la mú ẹ̀rọ tó ń to ìlà kóòdù gba gbogbo fáìlì kọjá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìlà tó jáde lọ, pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá ní kí èmi àti ẹnì kejì wò ó kó tó wọlé. Mo fi ìka tì í lọ sísàlẹ̀, mò ń tì í, mò ń tì í. Mo rí kóòdù tó ti kú tí wọ́n fi kọ́mẹ́ǹtì bò mọ́lẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Inú mi dùn pé ó ń lọ. Ìlà mẹ́rin tí Àǹtí kọ lókè 25 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ojú mi gba orí wọn kọjá. Mo fọwọ́ sí i.

Oṣù méje kọjá, kò sí nǹkan kan. Kóòdù náà mọ́ lójú lóòótọ́, ó tún yára kà.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún yẹn la gba àbúrò kan síṣẹ́. Ó gbọ́n, kì í fi àìmọ̀ pamọ́, a máa ka ìwé ìlànà tí àwa ti dẹ́kun kíkà. Ní oṣù Kìíní 2023, ẹjọ́ kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: ẹ̀yáwó tó yẹ kó wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà mìíràn ó máa ń di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Alhaja akápò ẹgbẹ́ kan ti fi ẹsùn náà kàn wá lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò tọpa rẹ̀, ó sì bá ìlà méjì yìí.

Kí ẹ lè rí ohun tó rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé 25. Tí a bá rán owó, tí báǹkì dákẹ́, a ò gbọdọ̀ sáré tún un rán. Ó lè jẹ́ pé owó ti lọ, ìdáhùn ló sọnù sọ́nà. Ńṣe la máa padà lọ béèrè pé: owó tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i? Bí wọ́n bá dáhùn 00, ó ti wọlé. Bí wọ́n bá dáhùn 25, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìlànà ni pé àwọn ò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń rò á lọ́gbọ́n á ní: bí wọn ò bá rí i, a jẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ wọn, bí kò bá dé, kò sí ewu nínú kí a tún un rán. Kí wá ni kóòdù ń dúró de títí ilẹ̀ fi ń mọ́? Àbúrò yí PENDING sí RETRY, kí ètò lè tún owó náà rán. Ìdánwò kan ké. Orúkọ ìdánwò náà ni test_25, ohun tó sì ń retí ni PENDING. Ó wò ó pé àṣìṣe àtijọ́ ni wọ́n fi ìdánwò kàn mọ́lẹ̀, ó tún òun náà ṣe. Ó wá kọ̀wé sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ó jọ pé ó ti pẹ́ tí èyí ti ń dá owó àwọn èèyàn dúró."

Mo lọ ka ìwé ìlànà fúnra mi. 25: a kò rí àkọsílẹ̀. Mo ka kóòdù. Mo fọwọ́ sí i, mo tún yìn ín.

Mo ti yí èyí wò lọ́pọ̀ ìgbà láti ọjọ́ náà, ibi kan náà ni mo sì máa ń dé. Pẹ̀lú ohun tó wà níwájú wa, ìpinnu wa kò burú. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ba kóòdù yẹn jẹ́, kì í ṣe òpè. Ẹni tó ṣe ojúṣe rẹ̀ pé pérépéré ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Alhaja fi ohùn ránṣẹ́ pé ẹ̀yáwó ti ń yá, kí Ọlọ́run bù sí i fún wa. Ìgbà náà ni ọ̀wọ́n owó dé. Ẹ rántí: láti oṣù Kẹwàá 2022 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti kéde pé òun yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, ọjọ́ tí ti àtijọ́ yóò dópin, 31 oṣù Kìíní, ni wọ́n tún sún sí 10 oṣù Kejì. Owó bébà wọ́n bí ojú. Ẹni tí kò tíì fi tiráńsífà ra ata rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi rà á. Gbogbo Nàìjíríà kó sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀nà àwọn báǹkì sì dí pa.

Ohun tí a ò mọ̀ nìyí. Ní báǹkì yìí, ẹnu ọ̀nà tó ń gba owó tí a rán wọlé yàtọ̀ sí ìwé tí wọ́n ń yẹ̀ wò nígbà tí a bá béèrè. Owó tí a rán á kọ́kọ́ tò sórí ìlà. Ìgbà tó bá kan orí rẹ̀ ni wọn á tó kọ ọ́ sínú ìwé. Bí a bá béèrè kó tó kàn án, 25 ni wọn á dáhùn, ọ̀rọ̀ wọn sì jẹ́ òótọ́: wọn ò tíì rí i. Ní ọjọ́ tí ara rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ìlà náà. Nínú oṣù Kejì ọdún yẹn, ó ń gba wákàtí mẹ́ta, ó ń gba márùn-ún. Ètò wa á rán owó, á béèrè, á gbọ́ 25, á tún un rán. Nọ́ńbà tuntun ló sì ń fi rán ìkejì, torí báǹkì kì í gba nọ́ńbà tí a ti lò. Lójú báǹkì, owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tó bá di alẹ́, méjèèjì á wọlé.

Alhaja ló kọ́kọ́ pè, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò tilẹ̀ kí mi tán.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ti ń pín ẹ̀yáwó ní méjì-méjì ni?"

"Rárá o, Alhaja. Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?"

"Ìyá Ṣìjú ní ó wọlé lẹ́ẹ̀kan nírọ̀lẹ́, ó tún wọlé nísinsìnyí. Ó ní ṣé àdúrà òun ló gbà ni."

A ti ẹnu ọ̀nà ìsanwó pa lójú ẹsẹ̀. Tó fi máa di ọ̀gànjọ́, a ti ka èèyàn 23, owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Mi ò ní pẹ́ lórí bí a ṣe gbà á padà. Ọ̀pọ̀ wọn dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ẹgbẹ́ mọ ẹgbẹ́, ilé mọ ilé. Ka ní àwọn tí a ò mọ̀ rí ni, ọ̀tọ̀ lohun tí ẹ ò bá máa kà níbí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ti gbé apá kan nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oní-POS, ó fi ra owó bébà, wọ́n sì yọ èlé ńlá lórí rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni yóò san èlé náà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Àwa la san án. Àwọn mẹ́rin tó kù, ẹgbẹ́ fi àlékún náà kún ẹ̀yáwó wọn láìgba èlé lórí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta la jókòó ti kóòdù. Àbúrò ò lè gbé ojú sókè. Git ni ètò tó ń pa ìtàn kóòdù wa mọ́; git blame ni àṣẹ rẹ̀ tó ń fi ẹni tó fọwọ́ kan ìlà kan gbẹ̀yìn hàn. Mo ṣe git blame lórí ìlà méjèèjì bí wọ́n ṣe wà kí àbúrò tó yí i, orúkọ ọ̀gá ló jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí: "Títo ìlà kóòdù, yíyọ kọ́mẹ́ǹtì." Ẹ̀rọ tó to ìlà ti bo gbogbo ìtàn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gba kíbọọ̀dù lọ́wọ́ mi. Ó lo git log -S, èyí tó máa ń wá ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan kọ́kọ́ wọ inú kóòdù tàbí tó jáde níbẹ̀. Ó bá oṣù Kẹjọ 2019. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí kọ mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: "fix". Ṣùgbọ́n kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀ wà lókè ìlà méjèèjì, mẹ́rin géérégé:

"25 láti ọ̀dọ̀ báǹkì yìí kò túmọ̀ sí pé owó kò lọ.
Ó lè ṣì wà lórí ìlà, kó jáde lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.
A ti san owó lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀, oṣù Keje 2019.
Má tún un rán. Dúró de àkọsílẹ̀ òwúrọ̀."

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iléeṣẹ́ wa ti san owó ẹ̀kọ́ yìí tẹ́lẹ̀. A ti kọ ọ́, a ti gba rìsíìtì, àwa la fọwọ́ ara wa ya rìsíìtì náà. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí lórí WhatsApp. Ohùn ló fi dá mi lóhùn, kò tó ìṣẹ́jú kan, inú bọ́ọ̀sì ló wà: "Ẹ ò rí i kà ni? Ṣebí mo kọ ọ́ síbẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí n má baà máa gba ìpè irú èyí ni."

Àwọn tó tóbi jù wá lọ náà ti jìn sí irú kòtò yìí. Ní 4 oṣù Kẹfà 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 àkọ́kọ́ gbéra ní Kourou, ní French Guiana. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Kóòdù tí wọ́n gbé láti ara Ariane 4 ló gbìyànjú láti ki nọ́ńbà ńlá kan, ti bit 64, sínú àyè bit 16, kò sì gbà á. Nọ́ńbà méje ló wà tí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ sí. Wọ́n fi ààbò sí mẹ́rin, wọ́n fi mẹ́ta sílẹ̀, kí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà má baà kọjá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Lórí Ariane 4, ìpinnu yẹn mọ́gbọ́n dání, torí rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kì í sáré débi tí nọ́ńbà náà yóò fi kún. Ariane 5 ń sáré jù ú lọ. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn ní oṣù Keje ọdún náà pé àwọn ò rí ìdí tí wọ́n fi fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀ nínú kóòdù fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ìwé mìíràn, láàárín òkìtì ìwé. Nínú ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa tọ́jú ìwé tó ṣàlàyé ìdí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú kóòdù, kí ohun méjèèjì má sì ta kora. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, Àǹtí ló wá sí mi lọ́kàn.

Ohun tí a ṣe tẹ̀ lé e burú lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀gá gba ẹ̀bi náà níwájú gbogbo wa, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì: láti ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ kéékèèké kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù gbọ́dọ̀ ní kọ́mẹ́ǹtì lórí. A fi ẹ̀rọ ṣọ́ ọ. Kóòdù tí kò bá ní, kò ní wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ṣe é. Ẹ ó rí get_member_name, ẹ ó rí i lókè rẹ̀: "Ó ń mú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wá." Ẹ ó rí "Fi ení kún i" lókè i += 1. Àwọn kan wá ń ní kí AI bá wọn kọ ọ́. Òun náà á ka kóòdù, á tún kóòdù sọ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán. Kò lè sọ nípa 25, torí ohun tó wà nínú kóòdù nìkan ló rí, ìdí 25 kò sì sí nínú kóòdù. Inú báǹkì ló wà, àti nínú orí obìnrin kan ní Kánádà.

Lójú tèmi, ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé ojú wa kọ́ láti máa fò wọ́n. Àbúrò ló là á mọ́lẹ̀ níbi oúnjẹ ọ̀sán: "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá kọ 'ẹ má tọ̀ síbí' sí gbogbo ògiri àdúgbò, títí kan ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ta ni yóò kà á mọ́?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló pa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ wa.

Ibi tí a wá fìdí kalẹ̀ sí kì í ṣe iye kọ́mẹ́ǹtì. Ìbéèrè kan ni, tí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò gbọ́dọ̀ bi í: bí ẹni tó gbọ́n, tí kò mọ ìtàn, bá dé ibí yìí ní ọdún tó ń bọ̀, kí ni yóò fẹ́ tún ṣe? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, kọ́mẹ́ǹtì ò wúlò níbẹ̀. Bí ohun tí kóòdù ń ṣe ni kò bá yé, ẹ lọ wá orúkọ tó dáa jù fún un. Ṣùgbọ́n bí ìdáhùn bá jẹ́ pé "yóò rò pé àṣìṣe ni, yóò sì tún un ṣe", ibẹ̀ gan-an la ti gbọ́dọ̀ kọ ọ́: kí ló fà á, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀, kí ló gbọ́dọ̀ yí padà kí a tó lè yọ ọ́. Ẹ̀ka kẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òun ni kò ṣe kedere nínú "lẹ́yìn ọdún Àjíǹde", òun ni kò sì sí rárá lára ti Àǹtí. Nínú kóòdù tiwa, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tó rí bẹ́ẹ̀ ló kan nǹkan tó wà níta: ìwà báǹkì kan, òfin ìjọba, irú fóònù tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń lò.

A tún orúkọ ìdánwò náà sọ pẹ̀lú. Kì í ṣe test_25 mọ́, test_25_may_still_pay_do_not_resend ni. Ó gùn, ó burẹ́wà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí i padà á gbọ́dọ̀ ka ẹ̀bẹ̀ náà kó tó lè ṣe é. A sì sọ fún Git, nínú fáìlì tí git blame ń wò, pé kó máa fo iṣẹ́ ìgbálẹ̀ 2022 yẹn kọjá; láti Git 2.23 ló ti lè ṣe é, àwa ni ò mọ̀.

Èmi àti ọ̀gá ṣì ń jiyàn lórí ohun kan. Ó gbà pé ìdí gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, ṣùgbọ́n ó ní inú ìtàn Git ló yẹ kó wà, níbi tí kò ti lè di irọ́, torí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Mo ní kí ó wo àbúrò: ìdí wo ni ì bá fi lọ wo ìtàn? Ìlà méjì tó mọ́ lójú, tí ìwé ìlànà sọ pé ó ṣi. Kò sí ohun tó jọ pé ó ní ìtàn. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ní ìbéèrè kì í lọ bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ní mo ń fi àpẹẹrẹ kan dájọ́ gbogbo ayé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, báǹkì náà kọ̀wé pé àwọn ti gbé ẹnu ọ̀nà tuntun kalẹ̀. Kọ́mẹ́ǹtì orí 25 ti ní ìlà karùn-ún nígbà náà: "Bí báǹkì bá sọ pé àwọn ń kọ owó sínú ìwé kó tó tò sórí ìlà, ẹ lè yọ èyí. Ẹ gbà á ní kíkọ." Àbúrò ló rántí rẹ̀. Ó kọ̀wé sí wọn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi dúró, ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, kí wọ́n tó dá a lóhùn pé ẹnu ọ̀nà ló di tuntun, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí padà. Ó fi ọjọ́ tí wọ́n dáhùn kún kọ́mẹ́ǹtì náà, ó ní kí n bá òun wò ó. Ìlà mẹ́fà ló jẹ́ báyìí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ sí i.